Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Lọ́ Mángòrò, Ọsàn àti Píà Nílẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà?

Bí ẹnìkan bá gé ọ̀pá mángòrò Kent tó dáa fún yín nínú oṣù kìíní, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ má wulẹ̀ lọ́ ọ, ìyẹn ni pé ẹ má so ó mọ́ ara igi mìíràn kí méjèèjì lè di ọ̀kan. Ọyẹ́ ń fẹ́ lásìkò yẹn, afẹ́fẹ́ ń fa omi kúrò lára ohun gbogbo. Igi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ́ ọ mọ́ ń sùn, ẹ̀ka tí wọ́n gé fún yín sì rèé, òdòdó ló fẹ́ yọ, kì í ṣe ewé. Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ọwọ́ tó mọ ọ̀bẹ lò ṣe pàtàkì o, àmọ́ lágbègbè wa, oṣù tí wọ́n fi lọ́ igi ló ń pa á ju ọ̀bẹ lọ.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹ̀ka tá a gé kò ní gbòǹgbò mọ́, omi tó kù nínú rẹ̀ ló ń ná. Ó gbọ́dọ̀ máa ná an títí awọ tútù tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ á fi hu ẹran tuntun, tí igi ìsàlẹ̀, ìyẹn igi tó ní gbòǹgbò tá a fẹ́ lọ́ ọ mọ́, náà á hu tirẹ̀, tí méjèèjì á sì so pọ̀. Bí ooru bá wà láàárín 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nìyẹn. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ kan náà kó tó lè ṣeé ṣe: kí igi ìsàlẹ̀ ti jí, kí ọ̀pá òkè, ìyẹn ẹ̀ka tá a gé, ṣì máa tòògbé ṣùgbọ́n kó kù díẹ̀ kó jí, kí afẹ́fẹ́ sì tutù. Bí ọ̀pá òkè bá ṣáájú igi ìsàlẹ̀ jí, ewé á là, kò ní rí omi mu, ó parí nìyẹn.

Ọdún òjò nílẹ̀ Ifẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ a máa rọ̀ níparí oṣù kejì tàbí nínú oṣù kẹta, ó sì lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tún dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Òun ló ń tan aláìnísùúrù jẹ. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ tó ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, kí igi ìsàlẹ̀ yín sì ti máa yọ ọ̀mùnú tuntun. Lọ́pọ̀ ọdún, ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni ìyẹn máa ń bọ́ sí. Láti ìgbà náà títí dé ìparí oṣù karùn-ún ni àkókò tó dáa jù lọ.

Oṣù kẹfà àti ìkeje kò burú fún ọsàn. Fún mángòrò, òjò ti pọ̀ jù. Omi ń wọ ojú ibi tí a gé, àrùn anthracnose sì máa ń sọ ọ̀mùnú mángòrò di dúdú kó tó le. Àwọn tó bá lọ́ tiwọn lóṣù kẹrin, ewé wọn ti gbó díẹ̀ kí òjò ńlá tó dé. Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi, tí ojú ọ̀run ṣú tí kò rọ̀, dáa ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, bí omi bá wà nítòsí láti fi bomi rin wọ́n. Láti oṣù kẹsàn-án dé àárín oṣù kẹwàá ni àǹfààní kejì lọ́dún. Lẹ́yìn ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ẹ pa ọ̀bẹ mọ́, torí igi tá a bá lọ́ nílò oṣù méjì kó tó lè dojú kọ ọyẹ́.

Kàlẹ́ńdà kàn ń júwe ni, igi fúnra rẹ̀ ló ń sọ òótọ́. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn igi ìsàlẹ̀ yín tí kò dáa tó, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé e sókè. Bó bá ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tí abẹ́ rẹ̀ tutù tó ń dán, omi ti gòkè nìyẹn. Bó bá lẹ̀ mọ́ igi, tó ń ya pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ẹ bomi rin ín fún ọjọ́ márùn-ún sí méje kẹ́ ẹ tún wò ó.

Láàárọ̀ kó tó di aago mẹ́wàá, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni kẹ́ ẹ ṣe é. Bí òjò bá ń ṣú bọ̀ tàbí tí ewé ṣì ń kán omi, ẹ dúró.

Mángòrò: ọdún tó ṣáájú niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Kóró mángòrò ìbílẹ̀ onífọ́nrán tó máa ń kún ọjà Odò-Ògbè nígbà mángòrò ni kẹ́ ẹ kó jọ. Ìdí rẹ̀ lágbára, ó sì mọ ilẹ̀ wa. Ẹ fọ ẹran ara rẹ̀ dànù, ẹ sá a sí ibòji fún ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ wá fi àlùmọ́gàjí igi la èèpo líle rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti yọ kóró inú rẹ̀. Èyí tí kòkòrò ti jẹ á hàn sí yín lójú ẹsẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ gbìn ín, torí kóró mángòrò kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fi pamọ́ bí àgbàdo: bó bá ti gbẹ, ó ti kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbun ni kó kọjú sókè, kí erùpẹ̀ tó bò ó jẹ́ sẹ̀ntímítà mẹ́ta.

Ilẹ̀ inú ọ̀rá nọ́sìrì: erùpẹ̀ orí ilẹ̀ dúdú ọ̀nà mẹ́ta, ìgbẹ́ ẹran tàbí ti adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ọ̀nà méjì, yanrìn odò ọ̀nà kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà máa ń jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó lò ó. Kóró kan lè hu ọ̀pá méjì mẹ́ta. Ẹ fi èyí tó sanra jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ gé ìyókù.

Ohun tẹ́ ẹ bá gbìn lóṣù karùn-ún ọdún yìí, oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ọdún tó ń bọ̀ ló máa tó lọ́, nígbà tí ara rẹ̀ bá nípọn tó pẹ́ńsù, ìyẹn mìlímítà 6 sí 10, níbi tó ga tó sẹ̀ntímítà 20 sí 25 sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ igi 20, ẹ tọ́jú 30. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa mú.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọ̀pá òkè. Ibí yìí ni ìṣirò ọjọ́ ti ṣe pàtàkì jù, ibí yìí kan náà sì ni wọ́n ti máa ń kánjú jù.

Ẹ lọ sídìí igi tẹ́ ẹ ti jẹ èso rẹ̀, yálà Kent ni o, Keitt ni o, tàbí Julie. Ẹ wo orí ẹ̀ka tí oòrùn ń bá, tí ìgbà tó rúwé kẹ́yìn ti tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, tí kò sì yọ òdòdó lọ́dún náà. Ewé mángòrò tuntun máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú, á wá di àwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó tó wá dúdú, kó le. Ẹ̀ka tí ewé rẹ̀ ṣì pupa tàbí tó ṣì rọ̀ kò tíì tó gé, omi inú rẹ̀ kò ní dúró. Ẹ fọwọ́ tẹ ewé orí rẹ̀: bó bá dún bí ẹ ṣe ká a, ó ti gbó.

Ọjọ́ 7 sí 10 kẹ́ ẹ tó gé ẹ̀ka náà, ẹ gé gbogbo ewé orí rẹ̀ níbi tó wà lórí igi, kẹ́ ẹ fi ọrùn ewé sílẹ̀ bí i sẹ̀ntímítà kan. Igi náà á gbà pé ewé òun ti lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ lọ sí ojú, ìyẹn ibi tí ọ̀mùnú ti ń yọ, tó wà ní ṣóńṣó. Ẹ máa lọ wò ó lójoojúmọ́ láti ọjọ́ kẹfà. Nígbà tí ọrùn ewé tó kù bá ń já bọ́ bẹ́ ẹ ṣe fọwọ́ kàn wọ́n, tí ojú ṣóńṣó ti wú rọ́bọ́tọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì là, ọjọ́ yẹn gan-an ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí i, ó lè ti là, ẹ̀ka yẹn kò wúlò fún wa mọ́. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ́ mángòrò lọ́jọ́ 10 oṣù kẹrin á ti já ewé ẹ̀ka rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kìíní oṣù náà. Ẹni tó bá gbàgbé, tó já ewé lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ́ igi, lè rí díẹ̀ kó mú, àmọ́ ojú á pẹ́ kó tó là, ọ̀pọ̀ á sì ti gbẹ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ gé e ní sẹ̀ntímítà 10 sí 15. Ẹ fi aṣọ tàbí ìwé ìròyìn tútù wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí ibòji. Inú ọkọ̀ tó wà lóòrùn láti Iléṣà dé Ifẹ̀ ti tó láti sè é. Ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ lò ó.

Ẹ ti bomi rin igi ìsàlẹ̀ láti àná. Ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ, bíléèdì tuntun náà dáa. Ẹ gé orí igi ìsàlẹ̀ kúrò ní sẹ̀ntímítà 20 sí 25 sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ewé mélòó kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀ kó lè máa bọ́ gbòǹgbò. Oje á ṣàn jáde. Ẹ nù ún, ẹ má jẹ́ kó kan ojú yín, torí oje mángòrò a máa bó èèyàn lára. Ẹ la àárín rẹ̀ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ntímítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ gbẹ́ ìdí ọ̀pá òkè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó ṣe ṣóńṣó bí gígùn ibi tẹ́ ẹ là, ẹ̀gbẹ́ kan ní ìfà ọ̀bẹ kan. Bẹ́ ẹ bá ń fá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ojú rẹ̀ á rí gbágungbàgun, ààyè á wà láàárín méjèèjì. Ẹ má fọwọ́ kan ojú ibi tẹ́ ẹ gbẹ́.

Ẹ ki ọ̀pá òkè náà bọ inú ibi tẹ́ ẹ là. Bí ìnípọn wọn kò bá dọ́gba, ẹ má gbé ọ̀pá òkè sí àárín. Ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan kí èèpo òkè àti ti ìsàlẹ̀ bára mu níbẹ̀, torí abẹ́ èèpo nìkan ni ẹran ti ń hù, àárín igi kì í so pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fà dì í láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìpele kọ̀ọ̀kan gun èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí omi òjò lè máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láìwọlé. Ó gbọ́dọ̀ le débi pé bẹ́ ẹ bá mi ọ̀pá òkè, kò ní yẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rá funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lórí, irú èyí tí wọ́n fi ń ta àìsìkirímù, kẹ́ ẹ so ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ lọ́. Ọ̀rá yìí ló ń dá ọ̀rinrin dúró fún ọ̀pá tí kò ní gbòǹgbò. Ẹ kó wọn sábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ tí ìdajì oòrùn ń gbà wọlé. Bí oòrùn gangan bá kan ọ̀rá yẹn, inú rẹ̀ á gbóná kọjá ààlà láàárín wákàtí kan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ojú á là. Nígbà tí ewé bá ti ń kan ọ̀rá, ẹ tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ pátá. Bí òdòdó ló bá yọ dípò ewé, ẹ já a dànù kíá. Èyí tẹ́ ẹ fi dì í, oṣù kan ààbọ̀ sí méjì ni kẹ́ ẹ tú u. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, á fún igi náà lọ́rùn, afẹ́fẹ́ á sì dá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹni tí kò fẹ́ dúró ọdún kan lè lọ́ ọ nígbà tí kóró ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, láàárín ọjọ́ 8 sí 15, nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ ṣì rọ̀ tí ewé rẹ̀ ṣì pupa. Bákan náà ni wọ́n ń là á. Ọ̀pá òkè gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí tìsàlẹ̀. Ó yá, kò sì gba ààyè púpọ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ tútù rinrin ló fẹ́, èèràn sì tètè máa ń mú un. A kò ní gbà á níyànjú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọsàn: ojú kan péré ti tó

Ọsàn kò nílò odindi ọ̀pá. Rough lemon tàbí Cleopatra, tí wọ́n jẹ́ ẹbí ọsàn, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe igi ìsàlẹ̀. Ẹ má fi ọsàn kíkan gàn-ìn-gàn-ìn ṣe é, torí bí ọsàn dídùn bá wà lórí rẹ̀, àrùn tristeza lè pa igi náà pátápátá. Kóró tútù ni kẹ́ ẹ gbìn. Bí ọ̀kan bá kéré jù tàbí tí ewé rẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, ẹ fà á tu. Ní nǹkan bí ọdún kan, á tó lọ́.

Níbi tí èèpo bá ti ń ṣí dáadáa, láti oṣù kẹrin dé ìkẹsàn-án, èèyàn lè ṣe ọsàn. Ẹ̀ka tí ara rẹ̀ rí roboto ni kẹ́ ẹ wá, lára igi ọsàn dídùn Agege tàbí Valencia tó ti ń so dáadáa fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tó gùn gbọọrọ, tó ní igun mẹ́ta tó sì kún fún ẹ̀gún, ẹ fi í sílẹ̀. Ní sẹ̀ntímítà 20 sí 30 sílẹ̀, ẹ la èèpo igi ìsàlẹ̀ bí T tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò: ìlà òró sẹ̀ntímítà mẹ́ta, ìlà ìbú kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe dorí kodò yẹn ni kò jẹ́ kí omi òjò wọlé. Ẹ bẹ́ ojú kan jáde pẹ̀lú èèpo tó gùn tó sẹ̀ntímítà méjì àti díẹ̀, ẹ tì í gòkè wọ abẹ́ èèpo náà, ẹ dì í pa. Ẹ rí i pé ojú náà kò dorí kodò o: ibi tí ọrùn ewé wà ni ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ 21, ẹ tú u. Bí ojú náà bá tutù, tí ọrùn ewé rẹ̀ já bọ́ bí ẹ ṣe fìka kàn án, ó ti mú. Bí ọrùn ewé bá gbẹ tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti kú, ẹ tún un ṣe lódì kejì. Ẹ tẹ orí igi ìsàlẹ̀ ba kí ojú tuntun lè jí, ẹ má tíì gé e kúrò títí tí ọ̀mùnú yẹn á fi gùn tó sẹ̀ntímítà 20 sí 30.

Ọ̀pọ̀ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé tó ń so kíkan nílùú, ọsàn dídùn ni wọ́n rà. Èhù ìsàlẹ̀ ló borí rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó gé e.

Píà, kòkó, àti àwọn tó wà lókè òkun

Píà máa ń yá. Kóró tí ẹ gbìn lóṣù kẹfà, bó ṣe ń jáde lára èso, lè tó lọ́ lóṣù kẹsàn-án, torí náà àǹfààní kejì lọ́dún bá a mu gan-an. Bí ẹ ṣe la mángòrò náà lẹ ṣe máa là á, kí ara igi ìsàlẹ̀ ṣì tutù. Omi tó bá dúró sí ìdí rẹ̀ ló ń pa á, ẹ lu ihò ọ̀rá dáadáa.

Fún kòkó àgbà, ẹ gé orí igi náà lágẹ́dá nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èhù tó hù nítòsí ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ́ ọ nígbà tó bá nípọn tó pẹ́ńsù.

Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà tẹ́ ẹ ń gbin ápù àti àjàrà ní Ìlú Ọba, òtútù ló rọ́pò ọyẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ gé ọ̀pá ápù ní oṣù kejìlá tàbí ìkíní nígbà tó ń sùn, ẹ fi aṣọ tútù wé e sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fíríìjì kó má bàa jí, kẹ́ ẹ wá lọ́ ọ lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin nígbà tí ojú igi ìsàlẹ̀ ń wú. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ èso nínú fíríìjì, afẹ́fẹ́ ethylene tó ń jáde lára ápù tó pọ́n ń ba ojú ẹ̀ka jẹ́. Àjàrà yàtọ̀: ooru tó tó 24 sí 27 ló fẹ́ kí ẹran rẹ̀ tó hù dáadáa, omi sì máa ń ṣàn jáde lára rẹ̀ bí èèyàn bá gé e nígbà tó ń jí, omi yẹn lè rì ojú ibi tá a lọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ la ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀ kó máa gbabẹ̀ jáde.

Bí kò bá mú

Ẹ fi èékánná ha èèpo ọ̀pá òkè díẹ̀. Bó bá tutù nísàlẹ̀ èèpo, ó ṣì wà láàyè, ẹ ní sùúrù. Bó bá dúdú láti orí wá sísàlẹ̀, ó gbẹ ni: ẹ̀ka náà kò gbó tó tàbí ọ̀rá ìbòrí rẹ̀ ya. Bó bá dúdú láti ibi tẹ́ ẹ lọ́ lọ sókè, omi tàbí ọ̀bẹ ìdọ̀tí ló dé ibẹ̀.

Èyí tó máa ń dun àwọn èèyàn jù ni èyí tó là, tó yọ ewé méjì mẹ́ta, tó wá rọ́ lọ́sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin. Kò so pọ̀ rárá látìbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ inú ọ̀pá náà ló fi yọ ewé. Èèpo kò bára mu, tàbí okùn tẹ́ ẹ dì kò le tó. Bó bá jẹ́ pé púpọ̀ nínú tiyín ló ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá òkè ti jí jù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gé e. Igi ìsàlẹ̀ tó kù kò ṣòfò o. Ẹ jẹ́ kó hu èhù, ẹ yan ọ̀kan tó dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ tún un lọ́ lóṣù kẹsàn-án.

Èyí tó mú lóṣù kẹrin lè wọ oko lóṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án, bó bá ti rúwé ní ìpele méjì tí ìpele àkọ́kọ́ sì ti gbó. Mítà 8 sí 10 láàárín mángòrò, mítà 6 sí 7 láàárín ọsàn. Ẹ má bo ibi tẹ́ ẹ lọ́ mọ́lẹ̀. Èyí tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀ ní àárín oṣù kẹsàn-án, ẹ jẹ́ kó wà nínú nọ́sìrì lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ máa bomi rin ín títí òjò ọdún tó ń bọ̀ á fi múlẹ̀.